Tòmátì Kíjìpá àti Ìrìn Ọdẹ́rìndé sí Ìlú Àìjẹrà

Ẹ nu ọwọ́ yín, kí ẹ sún mọ́ ibí. Ẹni tí ọbẹ̀ kò tíì tó, kó wí i báyìí, torí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní dúró de ẹnì kan tó ń fa eegun mu. Ìyàwó mi Àwẹ̀ró ló se ọbẹ̀ yẹn, gbogbo yín lẹ sì yìn ín. Ẹ̀yin ọdẹ kéékèèké tí ẹ jókòó sẹ́yìn wọ̀nyẹn tilẹ̀ fi ìka nu abọ́, mo rí yín. Ọ̀rọ̀ tòmátì inú ọbẹ̀ náà ni mo fẹ́ sọ. Nítorí rẹ̀ ni baba ìyàwó mi, Ọdẹ́rìndé ará Òkè-Odú, ṣe wọ igbó tí púpọ̀ nínú yín kò lè dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Èmi náà ti wọ igbó, ẹ mọ̀ mí. Mo ti wo ẹfọ̀n lójú títí tó fi yà lọ́nà fún mi. Síbẹ̀, ti àna mi yìí ju tèmi lọ, ẹ kò sì gbọ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ nípa ọdẹ mìíràn rí.

Ní Òkè-Odú, ìyàwó kì í lọ ilé ọkọ lọ́wọ́ òfo. Kì í ṣe ti aṣọ tàbí ìkòkò ni mò ń wí. Ìyá rẹ̀ ni yóò di irúgbìn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ sínú àdó kékeré kan fún un: tẹ̀tẹ̀, ìgbá, ilá, ata, gbọ̀rọ̀, àti tòmátì. Bí ìyàwó bá dé ẹnu ọ̀nà, ìyá ọkọ yóò gba àdó náà, yóò mì ín létí, yóò sì dà á sórí àtẹ, kó lè wo ohun tó wà níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá dín, ìyàwó kò ní wọlé. Wọn yóò dá a padà láìbínú, bí ẹni dá abọ́ aládùúgbò padà. Wọ́n ní ọmọ tí kò bá kó irúgbìn ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, kò tíì kúrò nílé.

Ẹfúnróyè, ìyàwó Ọdẹ́rìndé, ní tòmátì kan tí kò sí ní ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn. Kíjìpá lorúkọ tí wọ́n ń pè é, torí pé awọ rẹ̀ nípọn, ó sì ní ìṣẹ́po lára bí aṣọ kíjìpá tí wọ́n ká sínú àpótí. Ìyá rẹ̀ ló fún un, ọwọ́ ìyá tirẹ̀ ni òun náà sì ti gbà á. Èso tó bá kọ́kọ́ so nísàlẹ̀ igi ni wọ́n máa ń so okùn ìko mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ já a. Nínú òun nìkan ni wọ́n ti ń mú irúgbìn. Èyí tó so tẹ̀lé e, àti èyí tó so kẹ́yìn, jíjẹ ni wọ́n kà wọ́n sí. Kò sí obìnrin kan ní Òkè-Odú tó jẹ́ gbìn wọ́n. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Bí èso olókùn náà bá ti rọ̀, Ẹfúnróyè á fún un sínú abọ́ amọ̀, á bu omi díẹ̀ sí i, á wá gbé e sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ó gbọ́dọ̀ kan, ó gbọ́dọ̀ rùn, ó sì gbọ́dọ̀ hu irun funfun lójú. Ìgbà yẹn ni nǹkan yíyọ̀ tó bo kóró rẹ̀ yóò tó bọ́. Á fọ̀ ọ́, á sá a sórí eérú, á kó o sínú àdó, á sì so àdó náà kọ́ àjà lókè ààrò, níbi tí èéfín á ti máa bá a. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àdó ti ṣófo, ti inú abọ́ nìkan ló kù.

Àna mi kò mọ gbogbo èyí. Igbó ló mọ̀. Ó tún wá jẹ́ afínjú ọdẹ, irú èyí tó máa ń fọ ọwọ́ kó tó kun ẹran, tó tún máa ń fọ̀ ọ́ lẹ́yìn tó bá kun ún tán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí àwọn ará ilé mi ń bọ̀ wá gba Àwẹ̀ró, òjò ti rọ̀, ọ̀gbàrá sì ń ṣàn kọjá lẹ́yìn ilé. Ọdẹ́rìndé ní òun á tún àyíká ṣe kí àlejò tó dé. Ó yí dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó rí abọ́ kan tó ń rùn, tó hu irun. Inú bí i. Ó ní àwọn ọmọbìnrin ilé yìí ti gbàgbé oúnjẹ ọjọ́ pípẹ́ síbẹ̀. Ó da gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀gbàrá, ó fi yanrìn fọ abọ́ náà títí tó fi ń dán, ó dojú rẹ̀ dé sórí ògiri, ó wá ké pe ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Àwẹ̀ró, wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi."

Ẹfúnróyè dé. Ó wo abọ́, ó wo ọ̀gbàrá, ó wo ọkọ rẹ̀. Ó wá rọra jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ àlejò tó wọ̀. Ọkọ rẹ̀ kò rí i kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ báyẹn rí.

"Kí ni mo ṣe?"

"Baba Àwẹ̀ró," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè rárá, "ọmọ yín lẹ dà nù."

Ọdẹ́rìndé sáré tẹ̀lé ọ̀gbàrá náà títí dé odò. Ó ń fi ọwọ́ gbá omi, ó ń fi ọwọ́ gbá ẹrẹ̀. Kóró tòmátì kò tó nǹkan. Omi ti gbé e lọ pátápátá. Nígbà tó padà dé, àwa àlejò ti jókòó. Àwẹ̀ró jáde sí i lẹ́nu ọ̀nà, ó ti lé tìróò, ó ti wọ ìlẹ̀kẹ̀.

"Bàbá," ló wí, "ṣé ẹ̀yin lẹ máa sọ fún wọn ni, àbí kí n sọ ọ́?"

Ọdẹ́rìndé ló sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ṣíwájú wa ní àwọn kò bínú, àwọn á dúró títí òjò ọdún náà á fi dá. Bí Kíjìpá kò bá sí nínú àdó nígbà yẹn, àwọn á wá ìyàwó lọ síbòmíràn. Mo wà níbẹ̀. Mo wo Àwẹ̀ró, Àwẹ̀ró wo ilẹ̀, wọ́n sì fà mí lápá pé ká máa lọ.

Ìyá àgbà Ẹfúnróyè máa ń sọ nígbà ayé rẹ̀ pé láti inú Igbó Ẹlẹ́tí ni Kíjìpá ti wá sí ọwọ́ àwọn, pé àwọn kan tí kì í ṣe ènìyàn ló kọ́kọ́ gbìn ín. Ọdẹ́rìndé gbé ìbọn, ó gbé àpò, ó ní òun á lọ bá wọn. Ẹfúnróyè sun iṣu fún un. Ó wá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó já àwọn Kíjìpá tó kù lórí igi tó ti ń kú lọ, àwọn kéékèèké tó ti hunjọ.

"Ẹ máa fi jẹ iṣu yín," ló wí. "Kò wúlò fún nǹkan mìíràn mọ́."

Bó ṣe dé àgọ́ àwọn ọdẹ tó wà létí igbó náà, ó jókòó, ó fi àwọn tòmátì náà jẹ iṣu, ó jẹ wọ́n tán pátápátá, àfi ègé iṣu kan tó bọ́ sí ìsàlẹ̀ àpò tí kò rí. Ó sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó yà sí ẹ̀yìn àgọ́ díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó jẹun ṣe ń yà, ó fara ti òkúta kan níbẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ń yà. Ó fi ẹsẹ̀ wa ewé bò ó, ó fọ ọwọ́ dáadáa, ó sì wọ igbó lọ.

Iwin kan dábùú ọ̀nà. Orí rẹ̀ kì í ṣe orí, oko ni. Ebè wà níbẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, tẹ̀tẹ̀ ló hù síbi irun, ilá dúró létí rẹ̀ méjèèjì. Ekòló kan ti imú rẹ̀ bọ́, ó fi ọwọ́ mú un jẹ́jẹ́, ó sì dá a padà síbẹ̀. Irun ara Ọdẹ́rìndé dìde, gbogbo ọfọ̀ tó mọ̀ fò lọ lórí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè gbé ìbọn.

"Ta nìyí?" ni iwin náà bi í.

"Èmi Ọdẹ́rìndé," ló dáhùn. "Èmi tí mo pa ẹkùn tó ń gbé ewúrẹ́ Òkè-Odú. Irúgbìn Kíjìpá ni mò ń wá."

Iwin náà bẹ̀rẹ̀, ó gbé etí lé ikùn àna mi. Ilá etí rẹ̀ ń rìn ín nínú. Ó gbọ́ títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín, erùpẹ̀ ń ti orí rẹ̀ dà sílẹ̀.

"Padà sílé. O ti gbìn ín."

"Mo dà á nù ni," ni Ọdẹ́rìndé wí. "N kò gbìn ín."

"Mo ní o ti gbìn ín. Bí o kò bá fẹ́ gbọ́, ọ̀nà nìyí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí o wá mọ́ tónítóní níbi tí ò ń lọ, má gbà."

Ó dun Ọdẹ́rìndé. Ó rò pé ìyẹn fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí abọ́ tí òun fọ̀. Ó kọjá lọ, ó ń kùn.

Ìlú tó bọ́ sí lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń pè ní Ìlú Àìjẹrà. Bí ó ti yọ sí i ni ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀. Tòmátì tó tóbi tó ìkòkò omi wà lórí igi níbi gbogbo, wọ́n pọ́n, wọ́n ń dán, kò sí àbààwọ́n kan lára wọn. Ìgbá wà níbẹ̀, ata wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ dára jù. Ó sunkún ayọ̀. Ó yọ ọ̀bẹ, ó la tòmátì kan. Kò sí omi nínú rẹ̀. Kò sí kóró. Funfun ni inú rẹ̀, ó gbẹ bí òwú. Ó la òmíràn, bákan náà ni. Ó la ìgbá, ó la ata, ó ń là wọ́n lọ. Ó gbé ọ̀kan sí imú, kò gbọ́ òórùn kankan. Ìgbà náà ló tó ṣàkíyèsí pé òun kò tíì rí ọmọdé kan ní ìlú yìí, tàbí ajá, tàbí eṣinṣin lásán.

Àwọn ará ìlú jáde wá. Awọ ara wọn ń dán.

"Ẹ kú àìbàjẹ́ o," ni wọ́n kí i.

Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ọba wọn. Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀.

"Kábíyèsí, irúgbìn ni mo wá tọrọ."

"Kí ló ń jẹ́ irúgbìn?" ni ọba bi í.

Ọdẹ́rìndé wò ó bóyá ó ń ṣeré. Ó wá ṣàlàyé pé ohun kékeré ni, tó máa ń bọ́ sílẹ̀, tí ara rẹ̀ á jẹrà nínú erùpẹ̀, tí òmíràn á sì hù jáde. Kò tíì sọ ọ́ tán tí àwọn ìjòyè fi fi ọwọ́ di etí. Ìyàwó ọba bì, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run àna mi. Èso igbó tó já jẹ lọ́nà ló fà á. Ó sún mọ́ ìjòyè kan, ó sọ̀rọ̀ sí i létí, ó bi í níbo ni ṣálángá wọn wà. Ìjòyè náà kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àna mi tún fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé. Ojú ọkùnrin náà là kalẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, ó ṣubú lulẹ̀ níwájú ọba.

"Kábíyèsí," ló wí, "nǹkan ń ti inú ọkùnrin yìí jáde."

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n kì í rẹ́rìn-ín níbẹ̀ o. Ọba wò ó bí ẹni tó fẹ́ ṣe é lóore. Ó ní àánú rẹ̀ ṣe òun, ó ní àwọn á fi ìda dí i lókè, àwọn á dí i nísàlẹ̀, nǹkan kan kò sì ní wọ inú rẹ̀ tàbí jáde níbẹ̀ mọ́ láéláé. Ó ní kó wá mọ́ tónítóní. Ó na ọwọ́ sí ara ògiri láti fi àwọn tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún hàn án.

Ọdẹ́rìndé yíjú. Àwọn tó rò pé ère ni nígbà tó wọlé, ọdẹ ni wọ́n. Wọ́n dúró ti ògiri pẹ̀lú ìbọn wọn léjìká, ìda bo ẹnu wọn, ojú wọn là sílẹ̀. Ó mọ ọ̀kan níbẹ̀. Ògúngbèjà ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wọ igbó tí kò padà, tí wọ́n ti ṣe òkú rẹ̀ tán ní Òkè-Odú, tí òun fúnra rẹ̀ sì ti ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ẹyinjú Ògúngbèjà rọra yí, ó sì wò ó. Omi ń gbọ̀n lójú rẹ̀, kò lè bọ́ sílẹ̀. Jìnnìjìnnì bo àna mi.

Wọ́n ti ń gbé ìda bọ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpò pé bóyá òun á rí ẹ̀tù ìbọn. Ohun kan tó rọ̀, tó ń yọ̀, ló bà á lọ́wọ́. Ó fà á jáde. Ègé iṣu tó bọ́ sí ìsàlẹ̀ àpò ni. Ó ti bu, ó ti hu irun funfun jìngbìnnì, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ààfin kan. Ọdẹ́rìndé dúró, ó ń gbọ́ òórùn náà. Òórùn abọ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná ni. Kò yàtọ̀ rárá. Níbẹ̀, láàárín àwọn tó fẹ́ dí i pa, ni ohun tí ó fọ̀ dànù lọ́jọ́ yẹn ti yé e, ó sì dùn ún ju ẹ̀rù tó ń bà á lọ.

Ó gbé iṣu náà sókè. Ọba fò kúrò lórí ìtẹ́. Àwọn ìjòyè ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nídìí ògiri, Ògúngbèjà sín. Ìda ẹnu rẹ̀ là. Ọdẹ kejì sín, ẹ̀kẹta sín, ìda ń já bọ́ lára wọn, gbogbo wọn sì rọ́ lu ọ̀nà, àna mi ṣíwájú pẹ̀lú iṣu lọ́wọ́ bí ẹni gbé ògùṣọ̀. Wọ́n sá dé ọ̀dọ̀ iwin olóko. Iwin náà yà fún wọn.

"Ẹ yára," ló wí. "Òjò ọdún yìí ti ń dá lọ."

Ẹnu ya Ọdẹ́rìndé. Lójú tirẹ̀, ìrìn náà kò pẹ́ rárá. Ó mọ̀ pé òfo lòun mú bọ̀, ó sì ń ronú ohun tí òun á wí fún Àwẹ̀ró. Àwọn ọdẹ tó kù yà lọ sí ìlú wọn, ó wá ku òun àti Ògúngbèjà. Wọ́n dé àgọ́ tó wà létí igbó. Ògúngbèjà ló kọ́kọ́ yọjú sẹ́yìn rẹ̀.

"Ta ló ń dáko síbí?"

Ọdẹ́rìndé lọ wò ó. Tòmátì ni, igi rẹ̀ pọ̀ kitikiti, wọ́n ti wó lu ara wọn nítorí èso. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́. Awọ rẹ̀ nípọn. Ìṣẹ́po wà lára rẹ̀. Kíjìpá ni. Ó ń wá ipa ẹsẹ̀ ẹni tó gbìn ín, kò rí ipa ẹsẹ̀ kankan. Ó wá rí òkúta tí òun fara tì. Ó rí ibi tí òun ti wa ewé. Ó dúró gbagidi, ó ń wo òkúta, ó ń wo tòmátì.

"Kí ló dé?" ni Ògúngbèjà wí.

Ó sọ fún un. Ògúngbèjà, tí ẹnu rẹ̀ ti wà nínú ìda fún ọdún gbọọrọ, rẹ́rìn-ín títí tó fi dì mọ́ igi. Àna mi kò rẹ́rìn-ín. Ẹ rántí pé afínjú ni. Ara rẹ̀ ń rìn ín, ó fẹ́ fọ ọwọ́, ó fẹ́ sá kúrò níbẹ̀. Ó rántí Àwẹ̀ró pẹ̀lú tìróò lójú, tó ń bi í léèrè ta ni yóò sọ fún àlejò. Ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì já wọn, ó já gbogbo rẹ̀ kún àpò.

Nílé, Ẹfúnróyè gbé ọ̀kan sí ojú ìmọ́lẹ̀.

"Níbo lẹ ti rí i?"

"Lọ́nà ni."

"Ọ̀nà ibo?"

"Ọ̀nà igbó. Iwin pọ̀ níbẹ̀."

Ẹfúnróyè wò ó pẹ́, kò sì béèrè mọ́. Ó fún un sínú abọ́, ó gbé e sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ọdẹ́rìndé gbé àpótí síbẹ̀, ó gbé ìbọn lé itan, ó ń lé adìyẹ, ó ń lé ọmọ, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá níbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbọ́ tó ń ké.

"Ìyá Àwẹ̀ró, wá wò ó. Ó ti ń rùn."

Ohùn ayọ̀ ni. Òjò ìkẹyìn ni wọ́n fi mú Àwẹ̀ró wá fún mi. Ìyá mi gba àdó náà lẹ́nu ọ̀nà, ó mì ín létí, ó dà á sórí àtẹ, ó ní, "Ọmọ mi, wọlé." Ìyá mi yìí kì í jẹun lọ́wọ́ ènìyàn, ó máa ń rí ẹ̀gbin lára ohun gbogbo. Ọbẹ̀ Kíjìpá nìkan ló máa ń bu àbùkún títí tó fi kú.

Ọdún ti gorí ọdún, mo ti pa ẹfọ̀n àkọ́kọ́, mo ti rò pé mo mọ gbogbo ohun tó wà nínú igbó, kí Ọdẹ́rìndé tó pè mí sí kọ̀rọ̀ kan tó sọ ohun tí mo sọ fún yín yìí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo délé, Àwẹ̀ró gbé oúnjẹ síwájú mi, ọbẹ̀ náà pọ́n dòdò. Ọwọ́ mi kò lọ síbẹ̀.

"Àwẹ̀ró, ṣé o mọ ibi tí Kíjìpá ti hù?"

"Mo mọ̀," ló wí. "Ìyá mi sọ fún mi kí n tó wá sílé yín. Bàbá mi rò pé òun fi pamọ́. Obìnrin tó ti ń dáko ẹ̀yìnkùlé láti kékeré, ṣé kò ní mọ ibi tí tòmátì ti máa ń lalẹ̀ hù? Ó lọ sí àgọ́ náà, ó wo ilẹ̀, ó padà wá, ó sì tún kóró náà fọ̀. Ó ní òun ló fi ẹnu ara òun sọ pé wọn kò wúlò fún nǹkan mìíràn mọ́. Láti ọjọ́ náà ni a kì í ti í so okùn mọ́ èso kankan mọ́. Gbogbo rẹ̀ la fi ń ṣe irúgbìn."

Ó na ọwọ́ sí abọ́ náà.

"Ṣé kí n gbé e kúrò níwájú yín ni?"

Mo wo ọbẹ̀, mo wò ó, obìnrin tí wọn ì bá ti dá padà lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo fa abọ́ náà sún mọ́ra, mo sì jẹ ẹ́ tán.

Ó dáa, ẹ gbọ́. Ojú tí ẹ ń fi wo abọ́ yín yẹn, èmi náà fi wò ó rí. Ìwọ tó o fi ìka nu tìrẹ, má wulẹ̀ tutọ́, ó ti wọlé tipẹ́. Àwẹ̀ró ní ó ṣì kù nínú ìkòkò. Ta ni kó bù fún?